Ọ̀nà Ìkìrun

Ní pẹ̀tẹ́ẹ̀sì kejì ní Alékùwódò,
lókè ṣọ́ọ̀bù fọkanáísà,
Nẹ́pà mú iná lọ, ẹnikẹ́ni ò kígbe.
Òjò Òṣogbo ń lu páànù.
Gàníyù ní, "Ẹ jẹ́ ká ṣeré.
Nọ́ńbà kan rèé. Ṣé ó pín sí méjì láìṣẹ́kù?
Ẹni tó bá gba ọ̀nà tó jìn jù débẹ̀
ló ni súyà tó kù nínú bébà."

Ìlà kan péré ni.
Ẹni tó bẹ̀rẹ̀ sí í kọ́ kóòdù lánàá
á kọ ọ́ kó tó yán tán.
Ṣùgbọ́n ta ló ń wá ìlà kan lóru ọjọ́ Ẹtì?

Súlíyà ló kọ́kọ́ tẹ tirẹ̀:
yọ méjì, tún yọ méjì, tún yọ méjì,
títí yóò fi ku òfo tàbí kó ku oókan.
Ó gbé mílíọ̀nù mẹ́sàn-án fún un.
Láptọ́ọ̀pù ń kùn bí ilé agbọ́n.
"Ó ń ronú ni," ó wí, "ẹ má kán an lójú."

Ọ̀ṣúnlékè ò yọ nǹkan kan.
Ó ní kí kọ̀ǹpútà sin nọ́ńbà bí ìlẹ̀kẹ̀,
dúdú, funfun, dúdú, funfun,
kó ya àwòrán okùn náà, kó tọ́jú ẹ̀ pa mọ́,
kó tún lọ wá a jáde, kó wo ìlẹ̀kẹ̀ ìkẹyìn,
bó bá funfun, kó rán ẹnì kan
sí ẹnì kan tí yóò wá jíṣẹ́ fún wa.
"Àwọn ẹnì kan ọ̀hún dà?"
"Mo ṣì ń kọ wọ́n lọ́wọ́."

Fádèyí, tó ń bá báńkì ṣiṣẹ́,
ò fọkàn tán ìṣirò rárá.
Ó ń tò ó lọ́kọ̀ọ̀kan:
bó bá jẹ́ oókan, rárá. Bó bá jẹ́ eéjì, bẹ́ẹ̀ ni.
Bó bá jẹ́ ẹẹ́ta, rárá.
Bátìrì ẹ̀ kú sórí ọ̀kànlélírinwó,
kò sì tíì sọ fún un bóyá bẹ́ẹ̀ ni.

Tèmi ni mo ń rò lọ́wọ́
tí ẹsẹ̀ fi dún lórí àtẹ̀gùn:
Bàbá Àjàó, onílé wa, pẹ̀lú tọ́ọ̀ṣì,
ọgbọ̀n ọdún ló fi ta tíkẹ́ẹ̀tì rélùwéè.
"Ẹ̀rín kí ni yìí, lóru?"

A ṣàlàyé. Ó dà bí ẹni tó wà ní Ọláìyá,
tó ń wo Òkè-Fíà níwájú báyìí,
tó wá wọkọ̀ lọ sí Ìkìrun,
tó kí ẹ̀gbọ́n ìyàwó ẹ̀, tó jẹun níbẹ̀,
kó tó ṣẹ́rí padà.

Bàbá ò rẹ́rìn-ín. Ó ní,
"Tíkẹ́ẹ̀tì tí mo tà gbẹ̀yìn láyé mi,
ẹẹ́rin àti aárùn-ún ni wọ́n tẹ̀ sójú ẹ̀,
wọ́n jókòó ti ara wọn. Kí lẹ máa pè é?"
"Márùndínláàádọ́ta," Súlíyà ò ṣẹ́jú.
"Ẹ kó ogún jọ lọ́nà mẹ́ta.
Ẹ yọ mẹ́wàá. Ẹ ò tíì dé.
Ẹ tún yọ márùn-ún.
Ta ló kọ kóòdù yẹn fún yín?"

A wojú ara wa.

"Kò forúkọ sílẹ̀," ni Bàbá wí,
"ó sì ń ṣiṣẹ́."
Ó mú súyà, tòun ti bébà, ó sọ̀ kalẹ̀.

Lọ́jọ́ Ajé, mo ṣí iṣẹ́ oníbàárà kan,
èyí tí mo fọwọ́ ara mi kọ lọ́dún mẹ́ta sẹ́yìn.
Mo bá a ní Ìkìrun.
Ó ń kí àna, ó ń jẹun,
kì í sì í ṣe eré ni mo fi kọ ọ́.
Mo wẹ̀yìn, kò sẹ́nì kan.
Mo pa ogójì ìlà rẹ́, mo kọ ẹyọ kan.
Mi ò tíì sọ fún Súlíyà.